Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olórí ìlú tí ẹ fẹ́ bọwọ́ lùwé àdéhùn ìlú ọlọ́gbọ́n

Ẹ̀yin olórí ìlú, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú,

Mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìwé àdéhùn kan wà lórí tábìlì yín báyìí, tàbí kó máa bọ̀ lọ́nà: ti ohun tí gbogbo ayé ń pè ní smart city, ìlú ọlọ́gbọ́n. Àwọn tó gbé e wá ti fi àwòrán tó dán hàn yín. Iná òpópónà tó ń tan ara rẹ̀ tó sì ń pa ara rẹ̀, kámẹ́rà tó ń ka ọkọ̀ ní oríta, yàrá ńlá kan tí ògiri rẹ̀ kún fún tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ẹ ó ti máa wo gbogbo ìlú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá. Kí ẹ tó bọwọ́ lùwé yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á bí ẹni tí yóò máa gbé ìlú náà lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Nínú ìwé yẹn ni wọ́n ti ń pinnu bóyá ohun tí ẹ rà yóò tọ́jọ́, bóyá ìlú yóò lè dìde bí àjálù bá dé, àti bóyá àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ yóò ní ẹnu ọ̀rọ̀. Bí ó bá ti fò yín níbẹ̀, ẹ̀rọ tó dára jù láyé kò ní lè bá yín tún un ṣe mọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀tá ẹ̀rọ ni mí. Gílóòbù LED máa ń dín iná mànàmáná tí òpópónà ń jẹ kù tó ìdajì, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó ń tẹ́tí sí páìpù omi lábẹ́ ilẹ̀ lè tọ́ka ibi tó ti ń jò, kí wọ́n má bàa gbẹ́ gbogbo àdúgbò kiri. Ẹni tó mọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì máa dé kò ní dúró lásán nínú òjò. Mo fẹ́ gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ rà á. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní ọdún 2018 pé ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ayé ló ti ń gbé ìlú ńlá, pé ó sì lè di ìdá 68 nígbà tó bá fi máa di ọdún 2050. Pẹ̀lú irú èrò bẹ́ẹ̀, a kò lè máa fi ojú lásán ṣe ìṣirò omi, iná àti ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ká mi lára jù. Ní oṣù keje ọdún 1995, ooru mú ní Chicago, ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà, èèyàn 739 ló sì kú láàrin ọjọ́ díẹ̀ ju iye tó máa ń kú lásìkò bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà tó ń dá gbé, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé tàbí kí wọ́n jáde. Àdúgbò méjì wà níbẹ̀ tó fara kanra, North Lawndale àti South Lawndale. Òṣì wà ní méjèèjì, arúgbó tó ń dá gbé wà ní méjèèjì, oòrùn kan náà ló sì ń pa wọ́n. Síbẹ̀, tí a bá fi ojú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún èèyàn wò ó, 40 ló kú ní North Lawndale, 4 ló kú ní South Lawndale. Àwọn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé ní South Lawndale, ìsọ̀ ṣí sílẹ̀, èrò ń lọ èrò ń bọ̀, arúgbó ní ibi tó lè yà sí kó fẹ́ atẹ́gùn, ojú sì mọ ojú. Ní North Lawndale, àwọn ilé-iṣẹ́ ti kó lọ, ilé ti di ahoro, òpópónà dá páro. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé, baba tó máa ń jókòó síbí dà?

Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru lè sọ fún yín ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú pé àdúgbò kan ń jóná. Ó wúlò gidi, nítorí yóò jẹ́ kí ẹ mọ ibi tó yẹ kí ẹ sáré lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sáré? Bí owó ẹgbẹ̀rún sẹ́ńsọ̀ bá wà nínú àdéhùn yín, tí owó òṣìṣẹ́ tí yóò máa kan ilẹ̀kùn àwọn arúgbó lọ́jọ́ ooru kò sí níbẹ̀, ìdajì iṣẹ́ lẹ rà. Owó igi tí yóò fún wọn ní ibòji, owó bẹ́ǹṣì àti omi mímu lójú ọ̀nà, ibẹ̀ náà ló yẹ kó wà, lójú ewé kan náà pẹ̀lú owó kọ̀ǹpútà.

Ẹ bá mi wo sẹ́ńsọ̀ kan péré dáadáa, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé sókè gọ́tà láti mọ bí omi ṣe ń ga. Wọ́n á so ó rọ̀, á dojú kọ ìsàlẹ̀. Á máa ta ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́. Ìró yẹn á kan omi, á padà wá, ìgbà tó fi lọ tó fi bọ̀ ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò bí omi ṣe sún mọ́ ọn tó. Á wá fi ìṣirò náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Inú mi máa ń dùn sí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí aláǹtakùn bá ta òwú síwájú rẹ̀, ìró á kan òwú, á padà kíákíá, ẹ̀rọ á sì pariwo pé omi ti kún nígbà tí gọ́tà gbẹ. Bí ọ̀rá bá dí gọ́tà lápá ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ á sọ pé omi ń ga, kò ní sọ ohun tó dí i. Bátìrì rẹ̀ á sì tán lọ́jọ́ kan. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé àkàbà lọ nù ún, kó pààrọ̀ bátìrì, kí ẹlòmíràn sì wọ inú gọ́tà pẹ̀lú bàtà òjò àti ṣọ́bìrì lọ kó ọ̀rá jáde. Àwọn méjèèjì yìí ni mo ń wá nínú ìwé àdéhùn yín. Ta ló gbà wọ́n síṣẹ́? Ta ni yóò máa san owó oṣù wọn ní ọdún karùn-ún, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ tó gbé ẹ̀rọ wá ti gba owó rẹ̀ tán tó ti lọ?

Ọ̀rọ̀ omi yìí tún mú mi rántí gbàgede kan tó wù mí púpọ̀, Benthemplein, ní ìlú Rotterdam ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n gbẹ́ ojú ilẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, méjì kò jìn, èkẹta jìn dáadáa. Lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, èyí tó jìn jẹ́ pápá tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, àtẹ̀gùn tó yí i ká sì ni àwọn òǹwòran ń jókòó sí. Bí òjò bá rọ̀, omi orí òrùlé àti ti ilẹ̀ àyíká á gba ojú àwọn kòtò fẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi irin ṣe, á wọ inú àwọn tí kò jìn. Bí òjò bá pọ̀ ní tòótọ́, pápá bọ́ọ̀lù náà á kún. Gbogbo rẹ̀ lè gba omi bíi lítà mílíọ̀nù 1.7, tí ì bá ti ya wọ ilé àwọn èèyàn. Iná ì báà lọ, íntánẹ́ẹ̀tì ì báà já, omi kò ní ṣàìmọ ọ̀nà ìsàlẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ibẹ̀ jù ni bí wọ́n ṣe ya àwòrán rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí àti àwọn ọmọ ìjọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn ayàwòrán ilé, wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí gbàgede náà jẹ́. Àwọn tí yóò máa gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ló sọ pé àwọn fẹ́ ibi eré, àwọn fẹ́ ibi ìjókòó, àwọn sì fẹ́ máa rí omi nígbà tó bá dé, dípò kó máa gba inú páìpù lọ láìsí ẹni tó mọ̀. Kí ẹ tó sọ fún mi pé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò, ẹ wo iye ohun tí wọ́n ti kọ́ fún àwọn ará ìlú kárí ayé tí ẹnikẹ́ni kò lò.

Copenhagen, olú ìlú Denmark, náà kọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí màbo kó tó kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2011, òjò tó ju mìlímítà 100 lọ rọ̀ sí ìlú náà láàrin wákàtí díẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2012, ìgbìmọ̀ ìlú ti gbé ètò jáde tó ń sọ páàkì àti òpópónà di ibi tí omi ń gbà tàbí tó ń dúró sí. Ètò ọlọ́pọ̀ ọdún ni, kò sí ẹ̀rọ kan tí ẹ lè fi òru ọjọ́ kan gbé kalẹ̀ kó ṣe irú rẹ̀.

Mo wá kan ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà pa, wọ́n ní àfi kí ìlú san nǹkan bíi dọ́là 51,000 ní bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó ṣí i. Ìlú kò san án. Ilé-ẹjọ́ sún ìgbẹ́jọ́ síwájú, ọlọ́pàá padà sí fífi bírò kọ ìròyìn, ará ìlú kò rí owó omi san lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ló sì bá títún nǹkan ṣe lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2025, iná lọ lọ́sàn-án gangan ní ibi tó pọ̀ jù ní Sípéènì àti Pọ́túgà. Iná tó ń darí ọkọ̀ kú, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dúró pẹ̀lú èrò nínú, káàdì kò gba owó mọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ń já. Rédíò oníbátìrì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní Madrid, àwọn ará ìlú bọ́ sójú títì láti darí ọkọ̀ ní àwọn oríta kan.

Nítorí náà, ẹ bi àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fún yín: bí iná bá lọ fún ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn ilé-ìwòsàn tó ń fi káàdì ṣí, ṣé kọ́kọ́rọ́ lásán lè ṣí i? Ẹ̀rọ tó ń fa omi, ṣé ọwọ́ lè tan án? Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń tan án, ìgbà wo ló sì dánrawò kẹ́yìn? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sínú àdéhùn, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ó máa pa ẹ̀rọ náà fúnra yín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lọ́sàn-án tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí, láti wò ó bóyá ìlú ṣì lè rìn. Àwọn kan máa sọ pé àṣejù ni. Lójú tèmi, ẹni tí kò lè fara da ìdánwò wákàtí mélòó kan tó ti múra sílẹ̀ fún kò ní lè fara da ìjì.

Ó kan dátà, ìyẹn ìsọfúnni tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń kó jọ nípa ìlú àti èèyàn, ibi tí ẹ̀tàn pọ̀ sí jù. Ní San Diego ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí iná òpópónà tuntun lọ́dún 2016. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé yóò dín owó iná kù, yóò sì máa ka ọkọ̀. Kámẹ́rà wà lára òpó wọ̀nyẹn, nígbà tó sì yá, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwòrán wọn láìsí òfin kankan tó ṣètò rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìlú gbọ́, wọ́n fárígá, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 olórí ìlú ní kí wọ́n pa á. Ẹ wò ó: òpó kan náà, iná kan náà, ohun tó bà á jẹ́ ni pé kò sí gbólóhùn kan nínú ìwé tó sọ ẹni tó lè wo àwòrán àti ohun tó lè fi í ṣe.

Ní Toronto ní Kánádà, ilé-iṣẹ́ Sidewalk Labs, tó jẹ́ ti Alphabet tó ni Google nígbà náà, kéde lọ́dún 2017 pé òun fẹ́ kọ́ àdúgbò ọlọ́gbọ́n kan sétí omi. Ariyanjiyàn nípa ẹni tó máa ni dátà kò tán títí wọ́n fi pa ètò náà tì ní oṣù karùn-ún ọdún 2020. Wọ́n ní ọrọ̀ ajé tó ṣàdédé dojú rú ló fà á, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti rẹ àwọn ará ìlú láti máa béèrè ìbéèrè kan náà fún ọdún méjì àtààbọ̀.

Ó ṣeé ṣe lọ́nà mìíràn. Barcelona bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú àdéhùn pẹ̀lú àwọn agbaṣẹ́ṣe pé dátà tí iṣẹ́ ìlú bá mú wá, ti ìlú ni, kí wọ́n sì máa dá a padà lọ́nà tí ìlú fi lè lò ó. Láti ọdún 2016 ni ìlú náà tún ti ń lo Decidim, ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ará ìlú ti lè dábàá, kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n sì dìbò. Ọ̀fẹ́ ni software rẹ̀, ìlú míì lè mú un lò. Lọ́dún 2020, Amsterdam àti Helsinki ṣí ìwé àkọsílẹ̀ sí gbangba tó ń sọ ibi tí ìjọba ìlú ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìpinnu nípa èèyàn, ohun tí kọ̀ǹpútà náà ń wò, àti ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tó pé nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní láti fi òfìfo bẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbàgbé ẹni tí kò ní fóònù olówó ńlá. ITU, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, sọ ní ọdún 2024 pé bílíọ̀nù 2.6 èèyàn ni kò tíì máa lo íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti di pé orí áàpù nìkan ni a ti lè ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, tàbí fi ẹjọ́ gọ́tà tó dí sùn, àdúgbò tó ní fóònù púpọ̀ ni ẹjọ́ rẹ̀ yóò máa pọ̀, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò sì máa ní kí òṣìṣẹ́ lọ. Àdúgbò tí ìyà ń jẹ jù lè má fi ẹjọ́ kan ránṣẹ́, kí ẹ̀yin wá rò pé ara tù wọ́n. Ẹ fi káńtà tí èèyàn jókòó sí sílẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n lè pè ní èdè wọn sílẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí èèyàn ṣì lè fi owó ọwọ́ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹ tún wo ẹni tí ẹ kọ́kọ́ ń gbé nǹkan lọ bá. Ní Medellín, ní orílẹ̀-èdè Colombia, nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ orí wáyà Metrocable lọ́dún 2004, orí òkè tí àwọn tálákà ń gbé ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀ ojú irin ìlú, ẹni tó ti sanwó níbì kan kò ní san òmíràn kó tó wọ èkejì. Ó rọrùn láti fi àdúgbò tó ti lẹ́wà tẹ́lẹ̀ dánrawò nítorí àwòrán rẹ̀ máa dára nínú ìwé ìròyìn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù lórí pé kó tọ́jọ́. Lọ́dún 2022, pàǹtírí ẹ̀rọ oníná mànàmáná tí gbogbo ayé dà nù tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 62, kò sì tó ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n kó jọ tí wọ́n sì tún lò bó ṣe yẹ. Òpó, páìpù àti gọ́tà ìlú máa ń lo ọ̀pọ̀ ọdún, kọ̀ǹpútà kékeré tí ẹ so mọ́ wọn lè má lo ọdún mẹ́wàá, ó sì lè jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kàn dáwọ́ títún software rẹ̀ ṣe dúró ni, tí ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ fi di pàǹtírí. Ẹ béèrè fún ọdún tí wọ́n máa fi tọ́jú software, kí ó wà ní kíkọ. Ẹ béèrè pé kí ẹlòmíràn lè ṣí ẹ̀rọ náà tún un ṣe, kí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, kí ẹni tó tà á sì wá kó o lọ nígbà tó bá kú. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ti mọ iye ọdún tí wọ́n rò pé yóò lò.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ní Nairobi, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìlànà UN-Habitat, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlú àti ibùgbé, lórí ìlú ọlọ́gbọ́n tó fi èèyàn ṣáájú. Kò de ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́ di ohun tó ní eyín, nípa kíkọ ọ́ sínú ohun tí ẹ bá fẹ́ bọwọ́ lù.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ gbé gbogbo ìwé àdéhùn náà síta, títí kan iye owó àti ọ̀nà tí ẹ lè gbà jáde nínú rẹ̀, ní èdè tí àwọn ará ìlú ń sọ. Ẹ fún wa ní oṣù méjì láti kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti dé, ní àdúgbò tí omi máa ń ya wọ jù, kí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ wà níbẹ̀ láti dáhùn fúnra wọn, kí ẹ sì pe àwọn tó ń kó gọ́tà pẹ̀lú. Bí ìpàdé bá sọ pé kí ẹ yí apá kan padà, ẹ yí i padà. A máa wá. A ti ní ìbéèrè wa lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan lára àwọn ará ìlú